Akọrin Ìsàlẹ̀ Rélùwéè

Orúkọ tí bàbá obìnrin náà sọ ọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, nítorí ilé ìfọṣọ tó wà níwájú ilé rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké láti àárọ̀, tí ooru áyọ́ọ̀nù sì máa ń mú kí gíláàsì fèrèsé làágùn. Aṣọ tí ẹni tó ni ín ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á pòṣé, á gbé e sápá kan. Tí onítọ̀hún bá padà dé, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jiyàn pé aṣọ òun kọ́ nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òún mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ijó jó, kí ló fẹ́ máa ṣe bí arọ sí?

Òun náà ló ń fọ aṣọ àwọn akọrin ìjọ wọn. Ìsàlẹ̀ rélùwéè ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni pásítọ̀ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn kejì. Aṣọ akọrin náà funfun báláú, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, apá rẹ̀ sì fẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ń fọ̀ ọ́, á sá a sórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé, á lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá tò wọlé ní Sọ́ńdè, tí aṣọ náà ń tàn yanran lára àgbà àti ọ̀dọ́, inú rẹ̀ á dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, àmọ́ á tẹjú mọ́ ìwé orin bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ohun tó wá da iṣẹ́ náà rú ni iléeṣẹ́ tó ń sun pàǹtírí. Òkè rélùwéè ni iléeṣẹ́ yìí wà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn ará òkè fẹjọ́ sùn pé òórùn rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú, pé òdòdó wọn ń kú. Kò pẹ́ rárá tí ìgbìmọ̀ ìlú fi gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n tú iléeṣẹ́ náà nídìí, wọ́n gbé e kọjá afárá tó gba orí rélùwéè, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ní ìsàlẹ̀. Ìdọ̀tí tí òkè bá kó dànù, imú ìsàlẹ̀ ló ń gbà á. Nígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ náà lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ìwádìí náà rìn bí ìgbín. Àwọn ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń fá irùngbọ̀n, ìwádìí ò tíì dé.

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ ni. Ó pààrọ̀ ọṣẹ. Ó rò pé okùn ló dọ̀tí, ó pààrọ̀ okùn. Bó bá sá aṣọ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, nǹkan dúdú wínníwínní á ti bà lé e, bó bá sì fọwọ́ kàn án, á fà gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n fi èédú kọ̀wé. Á tún un fọ̀. Bó bá ní kóun sá a sínú yàrá, á máa rùn bí ilé tí wọ́n tì pa.

"Ṣé èmi ni mò ń fọ aṣọ yìí ni, àbí aṣọ ló ń fọ̀ mí?" ló fi bi ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Màámi ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá náà. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibi tó ti lè rí gbogbo ohun tó ń lọ, kó sì dá sí i. Eyín ti dín lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò dín.

"Ti aṣọ lò ń sọ," ó ní. "Aṣọ kì í wúkọ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ikọ́ ti di ọmọ onílé ní ìsàlẹ̀. Kò sílé tí kò sí.

Láàárín àwọn akọrin, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ṣánlẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Àgbá. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni, ó ga, ó sì sanra, aláwàdà sì ni pẹ̀lú. Òun ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tó bá sì gbé e, ìjókòó á máa gbọ̀n. Ó máa ń sọ pé kí Ọlọ́run tó fún òun ní ohùn yìí, Ó kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àrá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n dé àárín orin, ọkùnrin yìí ṣàdédé jókòó bí ẹni tó rántí pé òún gbàgbé nǹkan sílé. Ó la ẹnu, atẹ́gùn ò wọlé. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ohun tó máa dì mú.

Ariwo ta. Mọ́ṣáláṣí wà lódì kejì ọ̀nà, ìyàwó lèmọ́mù ibẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Láìwọ bàtà ló sáré wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti àwọn tó ń pariwo sẹ́yìn, ó gbé orí ọkùnrin náà sókè, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. "Ẹ gbé ọkọ̀ wá! Àdúrà kì í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ẹ máa gbà á bí ẹ ṣe ń sáré!"

Ọkùnrin náà ò kú. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ní àpá, pé orin ti tán. Nígbà tí Alágbàfọ̀ lọ wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn tí ń mi ìjókòó ti di ohùn jẹ́jẹ́ bí ti ẹni tó ń sọ àṣírí. Ó fẹ́ dá àpárá, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sunkún ìbínú.

Nọ́ọ̀sì, ìyàwó lèmọ́mù, bá a níbẹ̀. "Ẹ nu ojú yín," ó ní. "Ẹni méjì mìíràn wà ní òpópónà wa tí wọn ò rí ẹni gbé wọn wá síbí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn ná, ká tó sunkún."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì yìí ti ń kí ara wọn lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, "ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́," kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, wọ́n dẹni tí ń wọ ilé ara wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní ọkọ̀ ń gbé aláìsàn. Ẹni tó ní ẹbí níbi tí atẹ́gùn ti mọ́ ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí èéfín bá wúwo. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mọ́ṣáláṣí ń dí ojú fèrèsé fún àwọn arúgbó ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì gun òrùlé mọ́ṣáláṣí lọ gbá eérú kúrò. Yàrá tí Alágbàfọ̀ ti ń lọ aṣọ di ibi tí àwọn tí èémí wọn kúrú ń jókòó sí, ẹ̀rọ ìmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì ń mí pọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé. Màámi ò lè gbé nǹkan wúwo, àmọ́ ó ń bá àwọn aláìsàn ṣeré títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo ìgbà tí à ń bá ara wa jà lórí ẹni tó máa wọ ọ̀run," ó ní, "èéfín ò bi ẹnikẹ́ni níbo ló ti ń jọ́sìn."

Lọ́dọọdún, ìjọ ńlá kan lókè rélùwéè máa ń pe àwọn akọrin ìsàlẹ̀ wá kọrin. Ìjọ kan náà ni wọ́n, ilé méjì ni wọ́n ń gbé. Àwọn ará òkè á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó mọ orin kọ tó wọn, wọ́n á fún wọn ní tíì àti bísíkíìtì, ó dìgbà ọdún tó ń bọ̀. Obìnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlú ń jọ́sìn níbẹ̀. Ní ọdún yìí, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pè wọ́n bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu bóyá kí iléeṣẹ́ náà kọ́ ààrò ìsunpàǹtírí mìíràn kún èyí tó wà.

Alágbàfọ̀ fọ aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn ti di àbàwọ́n, dúdú níbí, eérú lọ́hùn-ún. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó gbé e kalẹ̀. Ó dúró pẹ́ níwájú okùn, ó ń wo aṣọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan èyí tí kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ kọrin mọ́. Ó bá ká wọn, ó ṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe wà, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Màámi ní òun ò ní jókòó sílé, ó tẹ̀ lé e.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò ní tún wọn fọ̀."

"Kí ni o ò ní tún fọ̀?"

"Aṣọ akọrin. Bí wọ́n ṣe wà yìí la máa wọ̀ wọ́n lọ sí òkè."

Pásítọ̀ bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó wo aṣọ, ó wo àbúrò rẹ̀. "Ṣé ara rẹ yá? Ilé Ọlọ́run là ń lọ o. Ta ní í wọ aṣọ ẹlẹ́gbin lọ síwájú Ọlọ́run?"

"Ṣé Ọlọ́run ò mọ ẹni tó da ẹ̀gbin sí i ni?"

"Mi ò sọ pé kò mọ̀. Gbọ́ mi, àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti di pásítọ̀ ni mo ti ń fi ẹ̀sọ̀ bá àwọn èèyàn yẹn lò. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀ fún wa. Ṣé kí n wá fi ẹsẹ̀ ta á ni?"

"Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀ yẹn, Bọ̀ọ̀dá, ta ló ti gba ibẹ̀ wọlé? Orin wa nìkan ló ń wọlé. Àwa fúnra wa ṣì wà níta."

Pásítọ̀ dá ìgò ojú rẹ̀ padà sójú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣe ojo. Òun ló ti sin òkú tó pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀, òun ló sì ń lo ìwà tútù kí ilé má bàa gbóná. Màámi ló sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí. Nígbà tí mo lóyún rẹ, ilé àwọn ará òkè ni mo ti ń nulẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ní kí n máa gbà wọlé. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé ọmọ tó wà nínú mi, iwájú ni kó máa gbà. Ó ti gbọ́. O ti ń gba iwájú wọlé. Ó ku ohun tó o fẹ́ sọ níbẹ̀."

Pásítọ̀ mú ọ̀kan nínú aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti dúdú. Ó dìde, ó jáde lọ, kò sọ fún wọn bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí Alágbàfọ̀ padà délé, aṣọ kan wà lórí okùn tí kì í ṣe òun ló sá a. Aṣọ ìwàásù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, funfun láúláú, ẹ̀gbọ́n náà sì dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Tèmi ti mọ́ jù," ó ní. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀ dàárọ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa jẹ́rìí."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń kí i, àmọ́ ti ọjọ́ yẹn ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ní Sọ́ńdè, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin afárá kọjá. Ohùn-Àgbá wà láàárín wọn, ó wọ aṣọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì sì di apá rẹ̀ kan mú. Bàbá tó ń kí èèyàn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì òkè ti ya ẹnu ẹ̀rín kó tó rí wọn dáadáa. Ẹ̀rín náà kú sójú rẹ̀. "Ṣé... ṣé ẹ ṣubú ni?" ó bi wọ́n. "A ò ṣubú, sà," ni Pásítọ̀ dá a lóhùn, wọ́n sì wọlé.

Bí wọ́n ṣe máa ń wọlé ni wọ́n wọlé: ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kan, orí sókè. Ìjókòó ń dún, àwọn èèyàn ń yíjú padà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìgúnpá gún un. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí aṣọ oníbàárà jáde pẹ̀lú ìlà kan, òun ló ń kó gbogbo àbàwọ́n yìí rìn láàárín àwọn ẹlẹ́wù mímọ́. Ojú kọ́kọ́ tì í. Ó wo ọ̀tún, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n nàró ṣánṣán. Ìtìjú náà yí padà nínú rẹ̀, ó di nǹkan mìíràn, ó sì gbé àyà rẹ̀ sókè.

Wọ́n kọ orin tí òkè fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún. Ó ní ibì kan láàárín rẹ̀ tí gbogbo ohùn máa ń dákẹ́, tí ohùn ìsàlẹ̀ máa dá gbé e. Wọ́n dé ibẹ̀. Gbogbo ohùn dákẹ́. Ohùn-Àgbá dúró láàyè rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, kò sì sẹ́ni tó bá a dí àyè náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń retí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin gba orin padà, wọ́n sì kọ ọ́ parí.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àlùfáà ìjọ òkè dìde, èèyàn dáadáa ni, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. "Ẹ̀yin ará wa," ó ní, "ṣé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́nà ni?"

Pásítọ̀ wo àbúrò rẹ̀, ó sì yẹ̀ fún un.

Alágbàfọ̀ bọ́ síwájú. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó pọ̀, gbogbo rẹ̀ sì sá lọ. Èyí tó kù ló sọ. "Kò sí ohun tó ṣe wá lọ́nà, sà. Alágbàfọ̀ ni mí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fọ aṣọ yìí, ó sì mọ́. Mo sá a sí ẹ̀yìnkùlé mi. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ṣe sí i." Ó dúró kó mí. "Ohun tó wà lára aṣọ yìí, ó wà láyà wa. Aṣọ ṣeé bọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, Ohùn-Àgbá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti tẹ̀ síwájú. "Ibi tí ẹ̀ ń retí nínú orin yẹn," ó ní, "èmi ni mo máa ń kọ ọ́."

Ọkùnrin kan dìde níwájú, ó kó ìyàwó àtọmọ, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò títí dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn mélòó kan tẹ̀ lé e. Alága ìgbìmọ̀ ìlú kò dìde, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan, aláwọ̀ funfun, fi ọ̀pá rìn wá síwájú, ó di apá aṣọ Alágbàfọ̀ mú, kò sì tètè fi sílẹ̀.

"Mo wà lára àwọn tó ní kí wọ́n gbé e kúrò níbí," ó ní. "A ò béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ."

Alágbàfọ̀ lè sọ pé kò tọ́pẹ́. Kò sọ ọ́, nítorí pé ó tọ́pẹ́. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wí bẹ́ẹ̀, mà," ó ní. "Ọjọ́rú ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ẹ wá bá wa níbẹ̀."

Ó wá. Kò dá wá, ó kó àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lẹ́yìn. Lèmọ́mù kó tirẹ̀ wá. Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún tó fi jẹ́ pé àwọn èèyàn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì sọ ohun tó ń rí nílé ìwòsàn. Pásítọ̀, tí kì í gbóhùn sókè, gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn: ó ní Ọlọ́run ò dá ilẹ̀ kan fún òdòdó kó sì dá òmíràn fún eérú, èèyàn ló pín in bẹ́ẹ̀, èèyàn ló sì máa tún un pín. Màámi ò rí àyè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ bá la ẹnu ló ń wúkọ́, nígbà tó sì yá, a ò mọ èyí tó jẹ́ ti òótọ́ mọ́.

Alága ló dìbò kẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n má kọ́ ààrò tuntun, ó sì ní kí wọ́n pa èyí tó wà. Iléeṣẹ́ náà gbé wọn lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ náà fà gùn, àwọn kan sì ti kú kó tó parí. A ò ní parọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà kú. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn èèyàn jáde sí òpópónà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì kàn ń mí. Ohùn-Àgbá ní kí wọ́n gbé àga fún òun sí ìta gbangba. Ohùn rẹ̀ ò padà wá, kò sì ní padà wá, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀ báyìí, ìka ló fi ń darí wọn, tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣi orin kọ, ojú tó máa fi wò ó burú ju ariwo lọ.

Bó o bá dé ìsàlẹ̀ rélùwéè lónìí, tó o béèrè ẹni tó pa iná iléeṣẹ́ yẹn, ọmọdé tó o bá kọ́kọ́ pàdé á ní, "Àwa ni." Kò tíì sí láyé nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Òkìkí wọn kàn. Àwọn obìnrin ìlú mìíràn kan, tí odò wọn ti di omi aró nítorí iléeṣẹ́ awọ, ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ṣe é. Alágbàfọ̀ ti ilé ìfọṣọ pa lọ́jọ́ iṣẹ́, òun àti nọ́ọ̀sì wọ bọ́ọ̀sì. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí kún fọ́fọ́, wọ́n ti to àga sí iwájú fún wọn bí àlejò pàtàkì, omi tútù wà lórí tábìlì. Àwọn obìnrin náà ń wo ẹnu wọn.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni olórí wọn wí, "níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Alágbàfọ̀ wo nọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì ò tíì jókòó.

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá jù láàárín yín?" ó bi wọ́n. "Ẹ kọ́kọ́ mú wa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."